Àwẹ̀ Ọjọ́ Mẹ́ta Nítorí Jùmọ̀kẹ́

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, ní ilé kan lẹ́yìn Fájuyì ní Adó-Èkìtì, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Monínúọlá jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná rẹ̀. Iṣu wà lórí iná, ìwé ìtàn onígbàgbọ́ kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ìwé mọ́kànlá ló kù kó parí. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ti kù mọ́kànlá, nítorí pé obìnrin tó ní ọmọ mẹ́ta, ọkọ kan àti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kì í ka ojú ìwé kan tán kí wọ́n tó pè é. Alẹ́ òní sì ni Ọmọ́táyọ̀, nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ni ìwé náà, máa wá gbà á kó lè gbé e fún ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wà ní lẹ́sìn títí di aago márùn-ún, Bámidélé ọkọ rẹ̀ ṣì wà ní Ìgèdè níbi tó ti ń ṣe tíṣà. Ilé pa rọ́rọ́. Monínúọlá ṣí ìwé.

Ìgbà náà ni Ìyá Àdúrà gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Màmá Fọláwùnmí ni orúkọ rẹ̀ gan-an, òun ni olórí ẹgbẹ́ aládùúrà nínú ìjọ wọn, kì í sì í kan ilẹ̀kùn. Ó ní Ẹ̀mí Mímọ́ kì í kan ilẹ̀kùn. Monínúọlá yára ti ìwé náà bọ abẹ́ agbọ̀n àlùbọ́sà.

MONÍNÚỌLÁ: Ẹ káàsán, màmá. Ẹ kú ìrìn oòrùn. Ẹ jókòó, ma.

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Mi ò jókòó. Ìyá Ìyìn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé mi wá. Jùmọ̀kẹ́ ńkọ́?

MONÍNÚỌLÁ: Jùmọ̀kẹ́ wo, ma?

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Jùmọ̀kẹ́ tí ìyá ọkọ rẹ̀ tì mọ́ yàrá. Jùmọ̀kẹ́ mélòó lo ní?

(Monínúọlá wo agbọ̀n àlùbọ́sà, ó wo Ìyá Àdúrà. Jùmọ̀kẹ́ ni ìyàwó tó wà nínú ìwé yẹn. Inú rẹ̀ wá dùn débi pé ó gbàgbé láti bẹ̀rù. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ẹnì kan nínú ìjọ wọn tó ń ka ìwé, kí wọ́n lè jọ máa sọ ọ́.)

MONÍNÚỌLÁ: Màmá, ẹ̀yin náà? Mi ò mọ̀ pé ẹ gbọ́ nípa Jùmọ̀kẹ́.

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Gbogbo ìjọ ló gbọ́.

MONÍNÚỌLÁ: Gbogbo ìjọ?

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Tọmọdé tàgbà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi wà lórí ẹ̀.

MONÍNÚỌLÁ: Ọjọ́ mẹ́ta péré? Ẹ kú iṣẹ́, ma. Èmi ti wà lórí ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó kọjá. Wọn kì í fún mi láyè. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ni mo ń rí, nígbà tí mo bá wọ balùwẹ̀.

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Nínú balùwẹ̀?

MONÍNÚỌLÁ: Ibẹ̀ nìkan ni wọn kì í tẹ̀ lé mi dé.

ÌYÁ ÀDÚRÀ (ó mi orí tìyanutìyanu): Ọlọ́run ń gbọ́ láti ibi gbogbo. O káre, ọmọ mi. Mi ò mọ̀ pé o ní ẹrù tó tó báyìí lọ́kàn.

MONÍNÚỌLÁ: Ẹrù ni, ma. Lánàá, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ mi, aláìsàn ti kọ ẹ̀yìn sí mi, Jùmọ̀kẹ́ ni mo ń rò. Ibo lẹ dé, ma?

ÌYÁ ÀDÚRÀ: A ti dé orí ìyá ọkọ. A ti dè é.

MONÍNÚỌLÁ: Ẹ dè é? (Ó rẹ́rìn-ín.) Bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń rí lára mi, ma, bí ẹni pé èmi gan-an wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tíì dé ibi tí wọ́n ti dè é o.

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Tọwọ́ tẹsẹ̀. Aago mẹ́fà àárọ̀ Ọjọ́rú la dè é. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, a gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

MONÍNÚỌLÁ (ó fi ọwọ́ di etí): Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ẹ má sọ èyí tó kù. Ẹ fi sílẹ̀ kí n fúnra mi débẹ̀.

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Báwo ni o ò ṣe ní tíì débẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ìwọ lo kọ ọ́?

MONÍNÚỌLÁ: Èmi kẹ̀? Èmi tí mi ò rí àyè kọ lẹ́tà ìsinmi? Obìnrin kan tí mi ò rí rí ló kọ ọ́.

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Ọwọ́ ta wá nìyí?

Ó ṣí Bíbélì rẹ̀, ó fa ìwé pélébé kan yọ. Ọ̀kan ni nínú àwọn fọ́ọ̀mù tí ìjọ wọn máa ń pín, kí ẹni tó ní ẹ̀bẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ kó sì jù ú sínú àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Ẹgbẹ́ aládùúrà ló ń ṣí àpótí yẹn. Ìyá Àdúrà gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó sì kà á bí ẹni tó ń ka ìwé Ìfihàn.

ÌYÁ ÀDÚRÀ: "Jùmọ̀kẹ́: ìyá ọkọ ti tì í mọ́ yàrá. Adélékè: ọkọ rẹ̀, ó wà ní ìrìn àjò, kò mọ nǹkan kan. Ìyá Adélékè: ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Pásítọ̀: mo fura sí i."

Monínúọlá tẹjú mọ́ ìwé pélébé náà. Ọwọ́ rẹ̀ ni lóòótọ́. Ẹni tó ń ka ìwé ní ojú méjì lójúmọ́ máa ń gbàgbé ta ni ta, ó sì ti kọ orúkọ àwọn èèyàn inú ìtàn náà sílẹ̀ kó má bàa máa padà sẹ́yìn. Ìdí ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì ló ti kọ ọ́, fọ́ọ̀mù ẹ̀bẹ̀ ló sì sún mọ́ ọn jù. Ó fi há inú Bíbélì. Ó wá rántí báyìí pé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, bí wọ́n ṣe ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, Bámidélé ní òun ti bá a ju fọ́ọ̀mù tó gbàgbé sínú Bíbélì sínú àpótí. Monínúọlá ní ẹ ṣeun, nítorí pé bàtà ọmọ ló ń wá lọ́wọ́, kò sì bi í pé fọ́ọ̀mù wo.

MONÍNÚỌLÁ: Màmá, ẹ jókòó.

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Mo ní mi ò jókòó.

MONÍNÚỌLÁ: Ọ̀rọ̀ ìjókòó ni, ma.

(Ìyá Àdúrà jókòó sórí àpótí.)

MONÍNÚỌLÁ: Jùmọ̀kẹ́ ò sí.

ÌYÁ ÀDÚRÀ (ó dìde, ó káwọ́ lérí): Ó kú?

MONÍNÚỌLÁ: Kò kú, ma. Kò sí rárá ni.

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Wọ́n ti gbé e kúrò ní Ìgèdè?

MONÍNÚỌLÁ: Kò dé Ìgèdè rí. Inú ìwé ló wà.

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Ìwé ìyè?

MONÍNÚỌLÁ: Ìwé ìtàn.

(Ó fa ìwé náà yọ lábẹ́ agbọ̀n, ó gbọn èèpo àlùbọ́sà kúrò lára rẹ̀. Lórí èèpo ìwé náà, obìnrin kan dúró lójú fèrèsé, àgbélébùú kékeré wà ní igun kan. Ìyá Àdúrà gbà á, ó wò ó pẹ́.)

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Òun nìyí?

MONÍNÚỌLÁ: Bẹ́ẹ̀ ni, ma.

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Ó wà nìyẹn. Ta ló ń ya fọ́tò ẹni tí kò sí?

MONÍNÚỌLÁ: Ẹlòmíì ni wọ́n ní kó dúró síbẹ̀.

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Ulé ta ni ẹlòmíì yẹn ti wá? Gbogbo ènìyàn ló ní ulé bàbá.

(Bí ara Ìyá Àdúrà ò bá ti balẹ̀, ẹnu Adó rẹ̀ ló máa ń yọ.)

MONÍNÚỌLÁ: Màmá, ẹni tó kọ ìwé ló rò ó lọ́kàn ara rẹ̀. Ó ro ọkọ, ó ro ìyá ọkọ, ó ro ilé tí wọ́n ń gbé. Ìtàn àròsọ ni.

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Irọ́ ni.

MONÍNÚỌLÁ: Kì í ṣe irọ́, ma. Ìtàn ni.

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Ohun tí kò ṣẹlẹ̀, tí ènìyàn wá ní ó ṣẹlẹ̀, kí ni wọ́n ń pè é nínú Bíbélì tìẹ?

MONÍNÚỌLÁ: Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé kò ṣẹlẹ̀, èmi tí mò ń kà á náà mọ̀. Kò sẹ́ni tó tan ẹnì kan jẹ.

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Ìjọ ńkọ́? Ìjọ mọ̀? Ọjọ́ mẹ́ta, Ìyá Ìyìn, láìfi omi kan ẹnu títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ọkọ rẹ gan-an gbà á.

MONÍNÚỌLÁ: Bàbá Ìyìn gbààwẹ̀? (Ó fọwọ́ lé àyà.) Ọjọ́ mẹ́ta ni kò jẹ oúnjẹ àárọ̀ mi. Mo rò pé ó ń bínú ni. Mo ti bẹ̀ ẹ́.

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Kò sọ fún ọ?

MONÍNÚỌLÁ: Kò sọ, ma. Ó kàn dárí jì mí.

Ìyá Àdúrà ò rẹ́rìn-ín. Nǹkan kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e ni, ó sì wúwo ju àwẹ̀ lọ. Ó gbé ìwé náà lé orí àpótí, ó tún gbé e kúrò, ó ń wo ilẹ̀.

MONÍNÚỌLÁ: Màmá, kí ló dé?

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Mo rí i.

MONÍNÚỌLÁ: Ẹ rí ta?

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Jùmọ̀kẹ́. Lójú ìran. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, nígbà tí ìwọ wà lẹ́nu iṣẹ́, mo sọ ọ́ nínú máìkì. Mo ní mo rí obìnrin kan tó ga, tó pupa, tó ró ìró búlúù, nínú ulé kan tí wọn ò kùn lọ́nà Ìgèdè. Mo ní ó ń nawọ́ sí mi.

(Monínúọlá fẹ́ dákẹ́. Kò lè dákẹ́.)

MONÍNÚỌLÁ: Jùmọ̀kẹ́ kúrú, ma. Ó sì dúdú. Láti orí kẹta ni kò sì ti wọ nǹkan míì ju ṣòkòtò.

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Ṣòkòtò? Ẹni tí mo fi ebi pa ara mi fún?

MONÍNÚỌLÁ: Òun náà ni.

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Iná ò sí dáadáa lójú ìran náà.

MONÍNÚỌLÁ: Wọ́n ti mú iná lọ níbẹ̀ náà?

Ìyá Àdúrà fojú pa á rẹ́. Ó wá sọ èyí tó kù, ọ̀rọ̀ náà sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú ìnira. Ọ̀dọ́ méje nínú ẹgbẹ́ aládùúrà ti lọ sí Ìgèdè lọ́jọ́bọ̀ láti tú Jùmọ̀kẹ́ sílẹ̀. Ilé tí wọn ò kùn ni wọ́n ń wá, èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n rí ni wọ́n sì wọ̀. Ìyá àgbàlagbà kan ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní kó kó kọ́kọ́rọ́ wá, ó kó o wá pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó rò pé ìjọba ló rán wọn wá ka ilé. Wọ́n ṣí yàrá tó wà ní títì, wọ́n bá iṣu àti ewúrẹ́ mẹ́ta. Ọ̀kan nínú àwọn ewúrẹ́ náà tẹjú mọ́ wọn lọ́nà tí kò dára, wọ́n sì dúró gbàdúrà lé e lórí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyá náà ń ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ó bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni wọ́n tún ń bọ̀.

MONÍNÚỌLÁ: Pásítọ̀ ńkọ́? Ó ka fọ́ọ̀mù náà?

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Òun ló kọ́kọ́ kà á. Ta lo ní o fura sí?

MONÍNÚỌLÁ: Pásítọ̀ inú ìwé, ma. Kì í ṣe tiwa.

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Tiwa ti gbà á sí tirẹ̀. Ọjọ́ Àìkú méjì ló fi wàásù lórí ẹ̀sùn èké.

MONÍNÚỌLÁ: Mo gbọ́ ti àkọ́kọ́. Mo rò pé ìjọba ló ń bá wí.

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Òkèèrè ló ti ń kí àwọn obìnrin báyìí. Lọ́jọ́rú, láàárín àdúrà, kò sẹ́ni tó bi í, ó dédé jẹ́wọ́ pé òun lòun ń jẹ bisikíìtì àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi.

MONÍNÚỌLÁ: Gbogbo bisikíìtì yẹn?

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Láti ọdún tó kọjá. Kí wá ni tinú ìwé ṣe?

MONÍNÚỌLÁ: Mi ò tíì mọ̀, ma. Ojú ìwé mọ́kànlá ló kù.

Ibẹ̀ ni inú ti bí Ìyá Àdúrà. Ó ní ẹni tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ rèé, tó tún ń ka ojú ìwé. Obìnrin tí ọmọ mẹ́ta wà lọ́rùn rẹ̀, tí uṣu wà lórí iná, irọ́ tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ló fi ń ṣe fàájì. Ó bi í pé Bíbélì ò tó o ni? Monínúọlá ní òun ń ka Bíbélì láràárọ̀.

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Kí lo wá ń wá nínú èyí?

(Monínúọlá fẹ́ fi ẹ̀rín bò ó, ẹ̀rín náà ò wá.)

MONÍNÚỌLÁ: Màmá, aago márùn-ún ìdájí ni mo ń jí. Ìyìn á ní òun ò rí bàtà. Àyọ̀kẹ́ á ní inú ń run òun. Bàbá wọn á bi mí pé ibo ni mo gbé bẹ́líìtì òun sí, bẹ́líìtì tó wà nídìí ẹ̀. Mo bá débi iṣẹ́, nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì. Mo bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Ìyìn, wá gbálẹ̀, Ìyá Ìyìn, wá se oúnjẹ àlejò. Nínú ìwé yìí, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ mi. Jùmọ̀kẹ́ ò ní kí n bá òun wá nǹkan kan. Ó ń gbàdúrà, mo sì ń rí i bí ìdáhùn ṣe ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ojú ìwé kan sí èkejì. Tèmi, mi ò mọ ojú ìwé tí mo wà. Ó ń tù mí nínú, ma. Mi ò lè purọ́ fún yín.

(Omi iṣu ń hó.)

ÌYÁ ÀDÚRÀ (pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́): Gbogbo ìtùnú yìí, nínú balùwẹ̀?

MONÍNÚỌLÁ: Bẹ́ẹ̀ ni, ma.

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Kò burú. Ṣùgbọ́n ọ̀tunla ni ìdúpẹ́ oṣù.

Ó ṣàlàyé, ojú rẹ̀ sì ti yàtọ̀ sí ti ẹni tó wọlé láìkanlẹ̀kùn. Pásítọ̀ ti kéde pé lọ́jọ́ Àìkú, Jùmọ̀kẹ́ ń bọ̀ wá jẹ́rìí níwájú ìjọ, kó sì sọ fún gbogbo ayé ẹni tí wọ́n fura sí. Ìyá Àdúrà tó rí i lójú ìran ló máa fà á lọ́wọ́ jáde. Ó sì wà nínú ẹgbẹ́ wọn, ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kíkẹ́lọmọ, tó ti pẹ́ tó ti ń wo máìkì yẹn bí ẹni ń wo ẹran nínú ọbẹ̀ ẹlòmíì. Ó ti ń sọ ọ́ kiri pé ta ni ò lè rí ilé tí wọn ò kùn lọ́nà Ìgèdè. Bí Jùmọ̀kẹ́ ò bá jáde, máìkì ti lọ nìyẹn.

MONÍNÚỌLÁ: Ẹ kúkú sọ òótọ́, ma.

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Òótọ́ wo? Pé mo rí ẹni tí kò sí? Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń ríran nínú ìjọ yẹn.

MONÍNÚỌLÁ: Àwọn tí ẹ ti ń rí látẹ̀yìn wá ńkọ́?

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Má bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu àwẹ̀ ni. Báwo ló ṣe parí?

MONÍNÚỌLÁ: Kí ni, ma?

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Irọ́ inú ìwé yẹn. Bí n kò bá tiẹ̀ rí Jùmọ̀kẹ́ mú wá, ó yẹ kí n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Mo ti gbààwẹ̀ lórí ẹ̀.

MONÍNÚỌLÁ: Ojú ìwé mọ́kànlá...

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Mo ti gbọ́. Jókòó kí o kà á.

MONÍNÚỌLÁ: Iṣu ti jinná, ma, mo fẹ́ gún iyán. Aṣọ ilé ìwé wà lórí okùn. Aago mẹ́rin ti kọjá, wọ́n máa dé ní márùn-ún.

Ìyá Àdúrà wo iṣu. Ó wo odó. Ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ Monínúọlá, obìnrin ojú fèrèsé náà sì ń wò ó padà. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni ti rí ọmọ odó lọ́wọ́ Ìyá Àdúrà, àwọn ọmọbìnrin ìjọ ló ń gúnyán fún un. Ó tú gèlè, ó fi di àyà.

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Máa kà. Má gbójú sókè.

(Monínúọlá jókòó. Ìyá Àdúrà da iṣu sódó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún.)

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Ó ti jáde?

MONÍNÚỌLÁ: Mi ò tíì ṣí i, ma.

(Ó ń gún.)

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Báyìí ńkọ́?

MONÍNÚỌLÁ: Màmá, bí Bàbá Ìyìn ṣe máa ń ṣe gan-an nìyí.

(Ìyá Àdúrà gún un títí, òógùn bò ó. Monínúọlá mí kanlẹ̀, ọmọ odó dúró lókè.)

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Kí ni? Kí ló ṣe é?

MONÍNÚỌLÁ (kò gbójú sókè): Ẹ máa gún un lọ, ma. Ó ní kókó.

Ìyá Àdúrà gún kókó náà. Ó kó aṣọ wọlé láti orí okùn, ó ká a, ó fọ àwo tó wà nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó fọ̀ ọ́. Ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ojú ìwé tó ń yí. Fún odindi ìṣẹ́jú ogójì, kò sẹ́ni tó pe Monínúọlá fún nǹkan kan, ara rẹ̀ sì balẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde nínú bàtà láìmọ̀. Nígbà tó yá, ó pa ìwé dé, ó ń fi etí aṣọ nu ojú.

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Ó kú?

MONÍNÚỌLÁ: Ó jáde, ma.

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Ọlọ́run ṣeun. Ta ló ṣílẹ̀kùn?

MONÍNÚỌLÁ: Ìyá ọkọ rẹ̀.

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Èyí tí a dè?

MONÍNÚỌLÁ: Òun náà ni. Kì í ṣe ìkà, ma. Pásítọ̀ ni ìkà. Ó purọ́ fún Jùmọ̀kẹ́ pé ọkọ rẹ̀ ti kú lọ́nà àjò, kó lè fẹ́ ẹ. Ìyá yẹn nìkan ló mọ̀, kò sì sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Ó bá tì í mọ́ yàrá kí Pásítọ̀ má bàa gbé e lọ, ó ń gbé oúnjẹ fún un lójú fèrèsé títí ọmọ rẹ̀ fi dé. Láti orí kìíní ló ti ń gbàdúrà fún Jùmọ̀kẹ́.

(Ìyá Àdúrà rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́bàá odó.)

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Ẹnì kan ṣoṣo tó ń ràn án lọ́wọ́.

MONÍNÚỌLÁ: Ẹ dè é tọwọ́ tẹsẹ̀.

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Mo sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. (Ó nu ojú.) Mi ò lè sọ èyí níwájú Pásítọ̀. Ọkùnrin yẹn á tún jẹ́wọ́ nǹkan míì. Yí i padà.

MONÍNÚỌLÁ: Kí n yí kí ni padà, ma?

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Ìparí ẹ̀.

MONÍNÚỌLÁ: Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ma. Báyìí ló ṣe wà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń kà á.

Ìyá Àdúrà ò dáhùn. Ó dìde, ó mú abọ́, ó ń kó iyán kúrò nínú odó, ó sì ń fi omi pa á lójú títí ó fi ń dán. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa máa mọ̀ pé bó ṣe máa ń dákẹ́ nìyẹn tí ìran bá ń bọ̀.

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Jùmọ̀kẹ́ ti lọ sí Kánádà.

MONÍNÚỌLÁ: Nígbà wo, ma?

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Lánàá. Físà jáde lọ́jọ́ kẹta àwẹ̀. Òun àti ọkọ ẹ̀ ni. Ìyá ọkọ ti ronú pìwà dà, òun ló sìn wọ́n dé ìdí ọkọ̀ òfurufú, ó ń sunkún.

MONÍNÚỌLÁ: Màmá, wọ́n máa ní kí ẹ mú ẹ̀rí wá.

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Ta? Ìdajì akọrin wa ló ti lọ sí Kánádà, èwo nínú wọn la tún rí? Bí mo bá ti dárúkọ Kánádà báyìí, kò sẹ́ni tó máa béèrè Jùmọ̀kẹ́ mọ́. Wọ́n máa dìde ni, wọ́n máa ní àwọn ló kàn. Ìyá Kíkẹ́lọmọ ló máa kọ́kọ́ dìde, ọmọ rẹ̀ méjì ń wá físà. (Ó gbé ìdérí lé abọ́ iyán, ó wé gèlè padà.) Ṣòkòtò yẹn gan-an bọ́ sí i. Òtútù wà níbẹ̀.

MONÍNÚỌLÁ: Irọ́ nìyẹn, màmá.

(Ìyá Àdúrà mú Bíbélì rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó dúró, ó yíjú padà.)

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Kì í ṣe irọ́, Ìyá Ìyìn. Apá kejì ni.